Ṣé O Mọ̀? Ohun Tí Ẹ̀jẹ̀ Ń Sọ Nípa Sọráyásísì

Ní Lálúpọn, ní Ẹ̀rúnmu, ní Àkànràn, títí dé Mọ́níyà, bí awọ ara ènìyàn bá nípọn lójú kan tó sì ń ṣí pẹ́pẹ́, ohun tí aládùúgbò máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ló dọ̀tí." Kó tó wí tán, alágbo ti na ìgò kan sí i pé kó fi fọ ẹ̀jẹ̀, ẹni tó ni kẹ́míìsì ti gbé ìpara kan fún un, àwọn èrò ọkọ̀ sì ti ń sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Jẹ́ ká yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò, ká rí ohun tó wà níbẹ̀ ní tòótọ́.

Àrùn náà fúnra rẹ̀

Ṣé o mọ̀ pé sọráyásísì kì í ràn? O lè bọ ẹni tó ní i lọ́wọ́, kí ẹ jọ jẹ àmàlà nínú àwo kan, kí ẹ sì jọ sùn lórí ẹní kan, kò ní mú ọ. Lórí káàdì ilé ìwòsàn, psoriasis ni wọ́n máa ń kọ ọ́.

Ṣé o mọ̀ pé, ó kéré tán, 100 mílíọ̀nù ènìyàn ló ní i káàkiri ayé? Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ló ṣírò bẹ́ẹ̀ nínú ìjábọ̀ tó gbé jáde ní 2016. Ọdún méjì ṣáájú, ní oṣù Karùn-ún 2014, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àjọ náà ti fẹnu kò pé àrùn tó ń bá ènìyàn kalẹ́ ni, tó ń dunni, tó sì ń bu ẹwà ara kù.

Ṣé o mọ̀ pé lára adúláwọ̀, kì í pọ́n bó ṣe máa ń pọ́n nínú àwòrán inú ìwé òyìnbó? Lára wa, ó máa ń dúdú, tàbí kó rí bí eérú, tàbí kó ya àwọ̀ elésè àlùkò, pẹ̀lú ìpẹ́ funfun lórí rẹ̀. Ó fẹ́ràn ìgbọ̀nwọ́, orúnkún, awọ orí àti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn. Ó tún máa ń gbẹ́ ihò wínníwínní sára èékánná. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń pè é ní làpálàpá, tí wọ́n ń fi oògùn làpálàpá pa á lọ́pọ̀ oṣù láìrí àyípadà.

Ṣé o mọ̀ pé nígbà kan rí, ẹ̀tẹ̀ ni wọ́n kà á sí? Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ọ̀pọ̀ ẹni tó ní i ni wọ́n lé kúrò láwùjọ pẹ̀lú àwọn adẹ́tẹ̀. Ìgbà tó di 1841 ni Ferdinand Hebra, dọ́kítà awọ ní ìlú Vienna, ya méjèèjì sọ́tọ̀ gedegbe.

Ṣé o mọ̀ pé awọ ara rẹ ń pààrọ̀ ara rẹ̀ lójoojúmọ́? Sẹ́ẹ̀lì awọ tuntun a máa lo nǹkan bí oṣù kan kó tó ti ìsàlẹ̀ dé òkè kó sì ré dànù. Lójú ibi tí sọráyásísì wà, ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún ti tó. Èyí tó dé kò tíì gbó, òmíràn ti dé bá a lórí. Ìyẹn ló ń di ìpẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kankan tó lè sọ pé "sọráyásísì nìyí"? Ojú ni dọ́kítà awọ fi ń dá a mọ̀. Bí ó bá rú u lójú, á gé awọ bíńtín, wọ́n á fi máíkírósíkóòpù wò ó. Iṣẹ́ mìíràn ni ẹ̀jẹ̀ wà fún: ó ń jẹ́ ká mọ bí iná inú ara ṣe pọ̀ tó, bóyá oògùn kan lè bá a lára mu, àti bóyá àrùn mìíràn wà lábẹ́lẹ̀.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ṣìnà

Ṣé o mọ̀ pé ohun tó ń fa wàhálà yìí kì í ṣe ìdọ̀tí? Inú ẹ̀jẹ̀ gbogbo wa ni àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun wà, tí wọ́n ń yí ara po bí àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ abúlé lóru. Nínú sọráyásísì, ìsọ̀rí kan nínú wọn, àwọn tí wọ́n ń pè ní sẹ́ẹ̀lì T, ń yìnbọn sí onílé. Awọ ara tí kò ṣẹ̀ ni wọ́n dojú kọ. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Ṣé o mọ̀ pé inú erùpẹ̀ ni wọ́n ti rí kọ́kọ́rọ́ ọ̀rọ̀ yìí? Ní 1969, wọ́n bu erùpẹ̀ láti orí òkè gbalasa kan ní Norway tó ń jẹ́ Hardangervidda. Èbù kan tó ń gbé inú rẹ̀ ń ṣe èròjà tí wọ́n wá sọ ní cyclosporin, tó ń pa ẹnu sẹ́ẹ̀lì T mọ́. Ní 1979, dọ́kítà méjì, Mueller àti Herrmann, fún àwọn tí sọráyásísì ti wọ oríkèé wọn ní oògùn náà. Awọ wọn dán. Títí di ìgbà náà, àìsàn awọ lásán ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà á sí. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti gbà pé inú ẹ̀jẹ̀ ni ìjà náà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn sẹ́ẹ̀lì ń ránṣẹ́ síra wọn? Èròjà tí wọ́n fi ń ṣe é ni sáítókáìnì. Mẹ́ta ló gbajúmọ̀ jù nínú sọráyásísì: TNF, IL-23 àti IL-17. IL-23, tí àwọn onímọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá mọ̀ ní 2000, ló ń ru sẹ́ẹ̀lì T sókè. Sẹ́ẹ̀lì T á tú IL-17 jáde. IL-17 á pàṣẹ fún awọ pé kó máa bí sí i, kó sì ké sí àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun mìíràn. Àwọn tó dé á tún ránṣẹ́ tiwọn. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ń yí po, tí kò dáwọ́ dúró.

Ṣé o mọ̀ bí ìwọ̀n àwọn èròjà yìí ṣe kéré tó nínú ẹ̀jẹ̀? Píkógíráàmù ni wọ́n fi ń wọ̀n wọ́n. Pín gíráàmù kan sọ́nà tírílíọ̀nù kan, ìdá kan níbẹ̀ ni píkógíráàmù kan.

Ṣé o mọ̀ bí wọ́n ṣe ń rí ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀? Àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní ELISA ni. Engvall àti Perlmann ló gbé e jáde ní Stockholm, olú ìlú Sweden, ní 1971. Wọ́n á ro omi ẹ̀jẹ̀ sínú àwo pẹlẹbẹ olójú 96. Bí èròjà tí wọ́n ń wá bá wà níbẹ̀, ojú náà á yí àwọ̀ padà. Bí àwọ̀ bá ṣe kí tó ni èròjà ṣe pọ̀ tó.

Ṣé o mọ̀ pé egbò sọráyásísì kì í sábà kẹ̀, pẹ̀lú bí awọ rẹ̀ ṣe là tó? Ní 1997, Harder, Schröder àti Christophers, ní Kiel ní ilẹ̀ Jámánì, kó ìpẹ́ tó ré kúrò lára àwọn aláìsàn, wọ́n sì rí èròjà kan nínú rẹ̀ tó ń pa kòkòrò àrùn. Human beta-defensin 2 ni wọ́n sọ ọ́. Ara ń pèsè rẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu nítorí IL-17, ó sì ń kún wọnú ẹ̀jẹ̀. Bí sọráyásísì bá ń le, iye rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ a máa lọ sókè. Bí oògùn bá ṣiṣẹ́, á wálẹ̀.

Ṣé o mọ̀ ohun tí ìbejì fi kọ́ wa? Ilẹ̀ Yorùbá ló ń bí ìbejì jù láyé. Ìwádìí Nylander, dọ́kítà ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá ní Ìbàdàn, rí nǹkan bí 45 nínú ìbí 1,000 ní Igbó-Ọrà. Olójú-ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn tó jọra délẹ̀, tí wọ́n ti inú ẹyin kan náà wá, kò ju nǹkan bí 4 nínú 1,000 lọ níbi gbogbo láyé. Bí ọ̀kan nínú irú àwọn bẹ́ẹ̀ bá ní sọráyásísì, kì í ṣe dandan kí ìkejì ní i. Ìdílé ń dá kún un, ṣùgbọ́n ìdílé nìkan kọ́.

Àwọn àmì tí láàbù ń wá

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe àmì tí wọ́n ń pè ní CRP? Tillett àti Francis ló rí i ní New York ní 1930. Bí iná bá ń jó níbikíbi nínú ara, ẹ̀dọ̀ á tú CRP sínú ẹ̀jẹ̀. Nínú sọráyásísì tó le, ó máa ń ga díẹ̀. Ibà lásán náà a sì máa gbé e sókè ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Nítorí náà, ẹni tí ibà ń ṣe lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ fi CRP wọn sọráyásísì rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé àyẹ̀wò ESR kò ju kí ẹ̀jẹ̀ dúró fún wákàtí kan lọ? Wọ́n á fà á sínú ọ̀pá gíláàsì tóóró, wọ́n á gbé e nàró, wọ́n á wo bí sẹ́ẹ̀lì pupa ṣe rẹlẹ̀ tó. Bí iná bá pọ̀ nínú ara, wọ́n á tètè rọ̀ sísàlẹ̀. Àìtó ẹ̀jẹ̀ ń mú wọn tètè rọ̀, oyún náà ń mú wọn tètè rọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé àmì kan wà tí o ti sanwó rẹ̀ tán láìmọ̀? Bí wọ́n bá ti ka gbogbo sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ rẹ, iye nútírófìlì àti iye lìmfósáìtì, oríṣi sẹ́ẹ̀lì funfun méjì, á wà lórí ìwé èsì. Fi èkejì pín èkíní. Ọ̀pọ̀ ìwádìí ti fi hàn pé èsì ìpín yìí máa ń ga lára àwọn tó ní sọráyásísì ju ti àwọn tí kò ní i lọ.

Ṣé o mọ̀ pé sọráyásísì a máa wọ oríkèé? Ó lè tó 3 nínú 10 àwọn tó ní i tó máa ń ní ìrora oríkèé nígbà tó bá yá. Ìka ọwọ́ tàbí ti ẹsẹ̀ á wú odindi, ẹ̀yìn á le láàárọ̀. Rheumatoid factor, àmì tí wọ́n fi ń wá oríṣi làkúrègbé mìíràn nínú ẹ̀jẹ̀, kì í sábà sí lára wọn. Bí dọ́kítà bá ní "kò sí", kò túmọ̀ sí pé irọ́ ni ìrora náà.

Ẹ̀jẹ̀ ará ilẹ̀ yìí

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti di tilé wa. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí á máa wo ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti wá kí á tó ka èsì rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ọmọ Yorùbá ni kò ní àmì Duffy lórí sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀? Ajogúnbá ni, kì í ṣe àìsàn. Ní 1976, Louis Miller àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé àìsí rẹ̀ ló ń dáàbò bo ọ̀pọ̀ adúláwọ̀ lọ́wọ́ oríṣi ibà kan tó ń jẹ́ vivax.

Ṣé o mọ̀ pé ogún kan náà yìí ló ń mú kí nútírófìlì tó ń yí kiri nínú ẹ̀jẹ̀ wa kéré ju ti òyìnbó? Ara dá ṣáṣá, àmọ́ iye rẹ̀ lè rẹlẹ̀ ju 1,500 nínú máíkírólítà ẹ̀jẹ̀ kan lọ, tó jẹ́ ààlà tí ọ̀pọ̀ ìwé ìṣègùn fi lélẹ̀. Padà sórí ìṣirò ìpín tá a ṣe lókè yìí. Bí nútírófìlì bá ti kéré láti ìbẹ̀rẹ̀, èsì ìpín náà á kéré. Àgbẹ̀ kan láti Èjìòkú lè ní sọráyásísì tó ń jó geregere, kí èsì rẹ̀ sì wà láàárín ohun tí ìwé ilẹ̀ òkèèrè pè ní dáadáa.

Ṣé o mọ̀ pé aràn inú a máa da èsì rú? Sẹ́ẹ̀lì funfun tí wọ́n ń pè ní eosínófìlì a máa pọ̀ lára ẹni tí aràn wà nínú rẹ̀, pàápàá aràn ìkọ́ tó ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé lára ẹni tó ń rìn lóko láìwọ bàtà. IgE, ọ̀kan nínú àwọn ohun ìjà ara, tí Kimishige àti Teruko Ishizaka dá mọ̀ ní 1966, náà a máa ga. Méjèèjì kì í ṣe àmì sọráyásísì. Bí wọ́n bá ga lára ẹni tó ń họra, aràn tàbí èélá ni kí wọ́n kọ́kọ́ rò.

Ṣé o mọ̀ pé ibà ti kọ orúkọ rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ wa? IgG, ohun ìjà tí ara fi ń rántí ọ̀tá àtijọ́, pọ̀ lára àgbàlagbà tó dàgbà níbi tí ẹ̀fọn pọ̀ sí ju ti ẹni tó dàgbà ní ilẹ̀ òtútù. Ní 1962, Edozien, Gilles àti Udeozo, láti Ìbàdàn, gbé ìwádìí jáde nínú ìwé ìròyìn The Lancet: wọ́n yọ ohun ìjà yìí nínú ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà àti nínú ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ọmọ, wọ́n fún àwọn ọmọdé tí ibà ń ṣe, kòkòrò ibà inú ẹ̀jẹ̀ wọn sì lọ sílẹ̀. Gilles yìí kan náà ló ṣe ìwádìí àwọn ará Akùfọ̀, abúlé oko kan lẹ́bàá Ìbàdàn, látorí omi mímu wọn dórí oúnjẹ, aràn àti ibà.

Ṣé o mọ̀ pé rheumatoid factor náà lè yọjú láìsí làkúrègbé rárá? Houba àti Allison kọ ọ́ nínú The Lancet ní 1966 pé irú èròjà bẹ́ẹ̀ ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí kòkòrò àrùn ilẹ̀ olóoru ń bá jà. Nítorí náà, "ó wà" náà kì í ṣe ẹ̀rí tó dúró fúnra rẹ̀ níhìn-ín.

Ṣé o mọ̀ pé Ìbàdàn ni èrò ńlá kan nípa àrùn tí ara ń bá ara rẹ̀ jà ti bẹ̀rẹ̀? Brian Greenwood, ọ̀dọ́ dọ́kítà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń ṣiṣẹ́ ní UCH láàárín àwọn ọdún 1960. Ó ṣàkíyèsí pé irú làkúrègbé tó pọ̀ nílé rẹ̀ kò wọ́pọ̀ níhìn-ín. Ó tú àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́wàá wò, ti àwọn aláìsàn tó lé ní 98,000 tí wọ́n gbà sí ilé ìwòsàn. 104 péré ni àrùn tí ara ń bá ara rẹ̀ jà ń ṣe. Ní 1968 ó dá a lábàá pé ibà àti aràn tó ń bá ẹ̀ṣọ́ ara ṣeré láti kékeré ló ń pa ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Ṣé o mọ̀ pé wọ́n fi eku dán àbá náà wò? Ní 1970, Greenwood, Herrick àti Voller kó ibà eku ran àwọn eku kan tí wọ́n bí àrùn ìbára-ẹni-jà mọ́. Àrùn náà fà sẹ́yìn lára wọn. Voller yìí wà lára àwọn tó sọ ELISA di ohun tí wọ́n fi ń wá ibà nínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tó yá. Má ṣe tìtorí àbá yìí sọ pé kí ẹ̀fọn máa jẹ ọ́ o. Iye ọmọ tí ibà ń pa lọ́dún kò ṣeé fi wé ohun tó lè gbà sílẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé sọráyásísì náà kò wọ́pọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà? Nínú ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ kílíníìkì awọ wa, kì í tó 1 nínú 100 aláìsàn. Ó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìhà ìlà-oòrùn, ní Kẹ́ńyà àti Ùgáńdà. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí kan tó jáde ní 2005 rí i lára nǹkan bí 13 nínú 1,000 adúláwọ̀, àti 25 nínú 1,000 òyìnbó. Àmọ́ "kò wọ́pọ̀" ló ń jẹ́ kí ẹni tó ní i pẹ́ kó tó rí ẹni dá a mọ̀.

Ohun tó ń ta á jí

Ṣé o mọ̀ pé ọgbẹ́ a máa pe sọráyásísì? Heinrich Koebner, ará Jámánì, ló ṣàlàyé èyí ní àwọn ọdún 1870. Ibi tí àdá ti ha ènìyàn, ibi tí okùn ẹrù ti ń họ ọ́ léjìká, ibi tí ó ti fi kànhìnkànhìn gbo ìpẹ́ dànù títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ, ibẹ̀ gan-an ni tuntun lè hù sí. Fi ọwọ́ wẹ̀, kí o sì fi òrí tàbí àdín àgbọn pa á kó rọ̀. Ìpẹ́ tó bá rọ̀ á kúrò fúnra rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀nà ọ̀fun dídùn lè sọ ọ́ sílẹ̀? Ọmọ tàbí ọ̀dọ́ tí kòkòrò streptococcus mú lọ́fun lè rí ìpẹ́ kéékèèké lára lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Àyẹ̀wò ASO nínú ẹ̀jẹ̀ lè sọ bóyá kòkòrò náà ti kọjá níbẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé HIV àti sọráyásísì ní ọ̀rọ̀ kan tó ya onímọ̀ lẹ́nu? HIV ń pa sẹ́ẹ̀lì T tí wọ́n ń pè ní CD4. Ènìyàn á rò pé bí ẹ̀ṣọ́ bá kú, ìjà á parí. Ṣùgbọ́n ńṣe ni sọráyásísì ń le sí i. Bí ó bá bo àgbàlagbà lójijì, tó sì le gan-an, dọ́kítà tó mọṣẹ́ á ní kó ṣe àyẹ̀wò HIV. Oògùn HIV a sì máa mú awọ náà rọjú.

Ṣé o mọ̀ pé oògùn àrùn mìíràn lè ru ú sókè? Chloroquine wà lára wọn, èyí tí Nàìjíríà ti yí kúrò lórí rẹ̀ sí oògùn ibà alápapọ̀ oní-artemisinin ní 2005. Lithium àti àwọn kan nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, bíi propranolol, náà wà níbẹ̀. Má ṣe dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró fúnra rẹ o. Sọ fún dọ́kítà kó pààrọ̀ rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ìpara tó ń bóra lè di ọ̀tá? Sítẹ́rọ́ìdì líle, irú clobetasol, ni wọ́n ń pò mọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Yóò kọ́kọ́ pa sọráyásísì rẹ́, inú aláìsàn á dùn. Lọ́jọ́ tó bá dá a dúró lójijì, àrùn náà lè padà pẹ̀lú agbára ńlá, kódà kó di oníkókó ọyún ní gbogbo ara. Sítẹ́rọ́ìdì oníhóró àti abẹ́rẹ́ rẹ̀ burú ju ti ìpara lọ nínú èyí.

Oògùn àti ẹ̀jẹ̀

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń lo methotrexate fún sọráyásísì? Kì í ṣe ojoojúmọ́. Ẹni tó bá ń lò ó lójoojúmọ́ lè kú, nítorí ó lè dá iṣẹ́ mùdùnmúdùn egungun tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ dúró. Aláboyún kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Ẹ̀dọ̀ ló sì ń rù ú, nítorí náà agbo jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n fi ògógóró rẹ kò gbọdọ̀ bá a pàdé.

Ṣé o mọ̀ ìdí tí wọ́n fi ń gba ẹ̀jẹ̀ léraléra lára ẹni tó ń lò ó? Wọ́n ń wo ẹ̀dọ̀, wọ́n ń wo kíndìnrín, wọ́n sì ń ka sẹ́ẹ̀lì funfun. Rántí ọ̀rọ̀ Duffy. Dọ́kítà tí kò mọ iye nútírófìlì tí aláìsàn ní kó tó bẹ̀rẹ̀ oògùn lè rí iye tó kéré, kó rò pé oògùn ló fà á, kó sì gba oògùn tó ń ṣiṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Èsì ti ìbẹ̀rẹ̀ ni òdiwọ̀n tó dájú jù. Má ṣe sọ ìwé yẹn nù.

Ṣé o mọ̀ pé abẹ́rẹ́ wà tó ń mú sáítókáìnì kan ṣoṣo? Etanercept, tó ń mú TNF, gba àṣẹ fún sọráyásísì ní Amẹ́ríkà ní 2004. Secukinumab, tó ń mú IL-17, gba tirẹ̀ ní 2015. Owó wọn pọ̀ ju ohun tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ lè ná lọ.

Ṣé o mọ̀ pé TNF tó ń yọ awọ lẹ́nu ló tún ń ti kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ mọ́lé nínú ẹ̀dọ̀fóró? Ní 2001, àwọn dọ́kítà kéde 70 ẹni tí ikọ́ ẹ̀gbẹ jí lára wọn lẹ́yìn tí wọ́n gba infliximab, abẹ́rẹ́ tó ń dá TNF dúró. Nítorí náà ni wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ àti jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B kí wọ́n tó fún ènìyàn ní irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀. Méjèèjì ṣì wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa.

Ṣé o mọ̀ pé iná tó ń jó lára awọ lè dé inú òpó ẹ̀jẹ̀? Àrùn ọkàn, ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru pọ̀ lára àwọn tí sọráyásísì wọn le ju ti ẹlòmíràn lọ. Kí wọ́n máa wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àti ṣúgà. Ilé ìwòsàn kékeré tó sún mọ́ ọ ní Ìyànà Ọ̀fà, Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Àkànràn lè bẹ̀rẹ̀ èyí kó tó di pé wọ́n kọ̀wé lé ọ lọ́wọ́ lọ sí UCH.

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ Ìbàdàn ti dé ọ̀pọ̀ láàbù ńlá ayé? Nígbà tí iṣẹ́ HapMap, tó ya àwòrán ìyàtọ̀ inú àbùdá ọmọ ènìyàn, jáde ní 2005, 90 ọmọ Yorùbá láti Ìbàdàn wà lára àwọn tó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀: bàbá, ìyá àti ọmọ kan láti ìdílé 30. YRI ni orúkọ tí wọ́n fún wọn, ojoojúmọ́ ni onímọ̀ ń lò ó. Síbẹ̀, lára òyìnbó àti ará Ṣáínà ni wọ́n ti wá àbùdá sọráyásísì jù.

Ṣé o mọ̀ ìbéèrè tó yẹ kí o bi ẹni tó bá fún ọ ní èsì ẹ̀jẹ̀? Wo ọwọ́ ọ̀tún ìwé náà, níbi tí wọ́n kọ òdiwọ̀n sí. Tọ́ka sí i, kí o sì bi í tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé: ẹ̀jẹ̀ àwọn wo ni wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n yìí?